Odò Abẹ́ Òkun Ní Àgbàlá Ìyá Mi

Iṣẹ́ ẹrẹ̀ ni mò ń ṣe ní Àbíjàn. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Wọ́n á ní, pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ tó wà lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn nígbà òjò, èwo ni ti ká tún wọkọ̀ lọ bá ẹrẹ̀ ní Kọ́díńfùwà? Èmi kì í bá wọn jiyàn. Ẹrẹ̀ tèmi, ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti ń fà á wá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé rí. Òun ni mo fi ń jẹun. Àmọ́ torí ọmọ mi obìnrin ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, Rísíkátù, tó kù díẹ̀ kó má mọ̀ mí mọ́.

Nígbà tí mo dé Àbíjàn, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé Ẹ̀jìgbò ìlú wa ni mo bá níbẹ̀. Ìyá onílé wa, ará Ẹ̀jìgbò. Ẹni tó ń ta omi lójúde, ará Ẹ̀jìgbò. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní kọ̀rọ̀, ọmọ ìlú Ara, nítòsí Ẹ̀jìgbò. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá onílé, ó ní, "Ọmọ agboolé wo ni ọ́ ná?" Mo dárúkọ agboolé wa. Ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Mo mọ ìyá tó bí ìyá rẹ dáadáa, ní Màsífà. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ṣé ìwọ náà ò jọ ọ́?"

Mo ní, "Rárá o, mà." Ọkọ mi tó dúró tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti jáde kúrò lójúde yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ di Faransé. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi nílé, mo di odi. Ìka ni mo fi ń tọ́ka sí tòmátì lọ́jà. Lọ́jọ́ kan, aláta kan wò mí títí, ó sọ nǹkan sí ẹnìkejì rẹ̀ létí, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo fi Yorùbá bú u látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i nígbà tí mo parí. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún fi ata kan ṣe ènì. Mo rìn délé, mo ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo jókòó tán ni ẹkún gbé mi. Mi ò tíì rí ibi tí èèyàn ti ń bú èèyàn tí kò sẹ́ni tó máa dá sí i.

Bàbá Rísì, ọkọ mi, ń ta sípéà pátì ọ̀kadà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. Èmi nìkan ni mo máa ń wà nílé, tí mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé mi láti ojú fèrèsé. Ìyá onílé ló rí i pé ojú mi ń rẹ̀wẹ̀sì, ló bá bá mi wá iṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń wádìí ìsàlẹ̀ òkun. Ìgbálẹ̀ kò lè ṣòro fún mi. Ẹni tó bá mọ ìyá mi á mọ ìdí rẹ̀.

Yàrá kan wà níbẹ̀ tó tutù bí inú fíríìjì. Wọ́n to ọ̀pá róbà gígùn gígùn sínú rẹ̀, ẹrẹ̀ kún inú wọn bámúbámú. Ọ̀gá wa, Músíyọ̀ Kuasí, bá mi níbi tí mo ti ń yọjú sí ọ̀kan lára wọn. Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa ọ̀pá náà jáde, ó ṣí i, ó sì fi ọwọ́ ṣàlàyé ibi tí Faransé mi ò bá dé. Ẹ mọ bí oníresì ṣe ń fi irin oníhò gún àpò, kó lè rí èyí tó wà nísàlẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú omi ṣe ń ju ọ̀pá tó wúwo sísàlẹ̀ òkun, tó ń gún ilẹ̀ ibẹ̀. Bí wọ́n bá fà á sókè, ẹrẹ̀ á wà nínú rẹ̀ bó ṣe tò ó gẹ́lẹ́: ti àìpẹ́ lókè, ti ayé àtijọ́ nísàlẹ̀.

Òun ló sọ fún mi pé odò kan wà lábẹ́ òkun. Mo ní odò báwo, ṣebí omi ni gbogbo rẹ̀? Ó ní odò ẹrẹ̀ ni. Ìgbì a máa ti yanrìn gba etí òkun lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn títí á fi dé iwájú Àbíjàn. Ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ abẹ́ omi ti là. Ọ̀gbun kan bẹ̀rẹ̀ nítòsí èbúté, tó jìn débi pé ihò aláìnísàlẹ̀ ni àwọn apẹja ń pè é. Yanrìn á máa kó jọ sí etí rẹ̀, kó jọ, kó jọ. Bó bá yá, á ya lulẹ̀, á pò mọ́ omi, á di ẹrẹ̀ tó ń sáré ju mọ́tò lọ. Á máa ha ilẹ̀ bó ṣe ń lọ. Bó bá dé ọ̀nà jíjìn tí ilẹ̀ ti tẹ́, á tú ká bí ẹni sá àgbàdo. Nígbà tó bá ṣe, òmíràn á tún wó, á tún gba ojú ọ̀nà kan náà.

Àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló wà nínú ọ̀pá. Yanrìn oníhóró ńlá máa wà nísàlẹ̀, èyí tó kúnná á tẹ̀lé e, lórí rẹ̀ ni ẹrẹ̀ dúdú tó ń yọ̀ bí ìpara, bí ògì ṣe ń sílẹ̀ tí omi ń dá lókè. Lẹ́yìn náà yanrìn oníhóró ńlá á tún bẹ̀rẹ̀. Mo dúró wò ó títí ọwọ́ mi fi kú fún òtútù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbálẹ̀ tán, mo máa ń lọ bá wọn fọ ọ̀pá. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń là á sí méjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá là á tí kò fọ́, Músíyọ̀ Kuasí pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ra ẹja lọ sílé, mo ní kí ọkọ mi kí mi kú oríire. Ó ní torí ẹrẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹrẹ̀.

Àwa ará Ẹ̀jìgbò tó wà ní Kọ́díńfùwà, bí a bá bímọ, tí ọmọ já lẹ́nu ọmú, a máa ń fi í ránṣẹ́ sí ìyá wa nílé. Kò sẹ́ni tó ń bi wá ní ìdí. Iṣẹ́ ò jẹ́ ká ráyè, ọmọ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá, kó lọ sílé kéú, kó mọ ẹbí. Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Àbíjàn, èmi ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá tó bí i, ní Màsífà. Àwọn ọmọ ilé tó kù ń pe ìyá mi ní Àǹtí Àbíjàn, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá wálé, á gbé báàgì ńlá ńlá wá, èmi á sì sá lọ sẹ́yìn àmù. Wọ́n á fà mí jáde, á fún mi ní bàtà, màá dúpẹ́. Kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, á ti padà lọ. Ìgbà tó fi wálé pátápátá, mo ti wọlé ọkọ. Títí di òní, "Àǹtí" ni mo ń pè é. Ẹnu mi ò yí sí òmíràn.

Òun ni mo wá fi Rísì ránṣẹ́ sí nígbà tí ọmọ náà já lẹ́nu ọmú. Obìnrin tí kò tọ́ mi ló ń tọ́ ọmọ mi, ó sì ń tọ́ ọ dáadáa, kí n má purọ́. Ó ń di irun rẹ̀, ó ń pọ̀n ọ́n kódà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀. Inú mi ń dùn, ó sì ń jowú. Ohun méjèèjì máa ń wà nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí Rísì pè mí ní Àǹtí Àbíjàn lórí fóònù, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo lọ tún nu ilẹ̀ tí mo ti nù tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń parí, torí èmi fúnra mi ni ìparí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù nígbà náà kò ju ìkíni lọ.

"Ẹ káalẹ́ mà."

"Rísì, ṣé dáadáa ni? O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun mà."

Ọmọ náà á wá máa wo adìẹ tó ń kọjá. Mo máa ń gbọ́ tí ìyá mi ń ta á lólobó lẹ́yìn pé, "Sọ pé o fẹ́ bàtà," ọmọ á sì ní, "Mo fẹ́ bàtà mà." Bàtà ọjọ́sí náà ni.

Ó wá di ọjọ́ kan, mo pè wọ́n ní àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́, a ń wo ojú ara wa lórí wasáàpù. Rísì ń kí mi lọ bó ṣe máa ń kí mi, ló bá tẹjú mọ́ ọwọ́ mi.

"Àǹtí, kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

"Ẹrẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Mi ò ṣubú. Iṣẹ́ mi ni. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti bù ú wá."

Ó sún mọ́ fóònù débi pé imú rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. "Ta ló lọ bù ú?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti ọkọ̀ ojú omi, mo sọ ti ọ̀pá, mo sọ ti odò tó wà lábẹ́ omi. Ìyá mi ti gba fóònù lẹ́ẹ̀kan láti sọ pé owó káàdì ń lọ, Rísì tún gbà á padà.

"Ta ló ń gbẹ́ odò náà?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ ẹ. Yanrìn tó ń sáré kọjá ló ń gbẹ́ ẹ."

"Ẹ ti rí i?"

"Mi ò rí i. Kò sẹ́ni tó fojú rí i. Òkùnkùn ni ibẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀?"

Ìyá mi dá sí i láti ẹ̀yìn: "Bi í dáadáa! Èmi náà fẹ́ gbọ́." Mo ní ọkọ̀ máa ń sọ ohùn sísàlẹ̀, ohùn á kan ilẹ̀, á padà wá, ibi tó bá jìn, ohùn ibẹ̀ á pẹ́ kó tó dé. Ìyá mi ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Mo ní kó lọ Àbíjàn kó lọ ṣòwò, ó lọ ń ké sí ẹrẹ̀." Rísì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́wọ́ mi, àbí ìyá mi ló pa á lẹ́rìn-ín. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, òun ló ń pè mí. Mo ń sọ ti odò náà fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń pàlọ́. Mo ní bí ẹrẹ̀ bá ń sáré lọ nínú odò náà, yanrìn tó wúwo á máa gba ìsàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á ga ju etí odò lọ, á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á sì sùn síbẹ̀. Bó bá pẹ́ títí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á di òkìtì gbọọrọ bí ebè. Odò náà á ti mọ ògiri fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi pè mí tìbínútìbínú.

"Ìyá Rísì, ọmọ rẹ ti ba àgbàlá mi jẹ́!"

Rísì ti gbé kẹ́tù tí ìyá mi fi ń ṣe àlùwàlá, ó po yanrìn àti ẹrẹ̀ mọ́ omi, ó ń dà á láti ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, kó lè rí odò náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́. Bó bá kírun àsùbáà tán, ọwọ̀ ló kàn. Kì í kí ẹnikẹ́ni kó tó gbálẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá dùbúlẹ̀ sí àgbàlá, á gbá abẹ́ ewúrẹ́ náà. Ní gbogbo òwúrọ̀, ó ń gbá odò Rísì dànù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ bá ti ilé kéú dé, á tún gbẹ́ ẹ. Wọ́n ń fi èmi ṣe adájọ́ lórí fóònù.

"Àǹtí, Màmá tún gbá a!" Màmá ni ó ń pe ìyá mi.

"Kí n má gbálẹ̀ ilé mi mọ́? Ṣé kí àwọn èèyàn máa kọjá, kí wọ́n ní ìyá yìí ti di ọ̀bùn?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù. Rísì, ti abẹ́ òkun náà, nǹkan máa ń bò ó nígbà mìíràn. Bí ẹrẹ̀ mìíràn bá tún sáré wá, á tún ojú ọ̀nà náà là."

Ó ní, "Kò burú. Màá tún un là."

Ọmọ náà lójú. Ó bi mí ìdí tí odò tòun fi ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ nígbà tó jẹ́ pé gbọọrọ lòun gbẹ́ ẹ. Mi ò mọ̀. Mo lọ bi Músíyọ̀ Kuasí, ó gbé àwòrán jáde. Odò abẹ́ òkun náà ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Ó ní bó bá ṣì kéré, á máa ya síbí, á máa ya sọ́hùn-ún, á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dàgbà, kì í rìn káàkiri bíi ti orí ilẹ̀ mọ́. Ojú kan ló máa ń dúró sí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ògiri rẹ̀ á jọ máa ga sókè. Mo sọ èyí fún Rísì, ó dùn mọ́ ọn.

Músíyọ̀ Kuasí tún fi ibòmíràn hàn mí lórí àwòrán náà, ilà kan tó rí bíńtín, tó ya kúrò lára odò, tí kò já síbì kan. Ó ní odò ni èyí náà tẹ́lẹ̀. Ògiri ya ní apá òkè, ẹrẹ̀ gba ọ̀nà tuntun, kò gba ibí mọ́. Ẹrẹ̀ tó kúnná ń rọ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dí. Mo bi í bóyá ó lè là padà. Ó ní kò wọ́pọ̀.

Èyí, mi ò sọ fún Rísì. Mo ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń lọ sílé. Ará Ẹ̀jìgbò kún Àbíjàn, ará Àbíjàn kún Ẹ̀jìgbò, ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀nà àárín wọn ti là. Owó ń gbà á, aṣọ ń gbà á, ọmọ ń gbà á. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ìyá mi, bàtà nìkan ló gba ibẹ̀ kọjá, kò sì tó. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo wọlé, mo sọ fún ọkọ mi lójúkan náà pé mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi wá. Ó ní, "Ṣé Màmá á gbà? Ọmọ yẹn nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀." Ìyẹn gan-an ni mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ. Bí mo bá mú Rísì, mo gba ẹnìkan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá mi. Bí mi ò bá mú un, Rísì á dà bí èmi. Ọ̀rọ̀ náà dọwọ́ mi, mo bá ń sún un síwájú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wasáàpù dákẹ́. Mo rò pé fóònù mi ló bàjẹ́. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, gbogbo èèyàn ń sáré sókè sódò. Wáyà ńlá ńlá tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ òkun, wọ́n gba orí odò wa kọjá. Wọ́n ní ó jọ pé ẹrẹ̀ ló ya lulẹ̀ nínú ọ̀gbun, tó já wọn. Kì í ṣe Àbíjàn nìkan, ó kan Nàìjíríà náà. Mo ra káàdì, mo fi ìpè lásán pè wọ́n, kò lọ. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kan, ariwo ni mo gbọ́, ó sì já. Inú bí mi sí odò náà. Èmi ni mo ń ròyìn rẹ̀ fún ọmọ bí ẹni ń ròyìn ẹbí, òun ló wá dínà mọ́ mi. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Mo ń rò ó pé ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé. Bí èmi ṣe gbàgbé ojú ìyá mi láàárín ọdún ìléyá kan sí èkejì, ta ló lè sọ pé Rísì ò ní gbàgbé tèmi?

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì padà dé, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìyá Rísì! Ṣé ara rẹ dá? Mo ti ro gbogbo nǹkan tán. Mo ní kí n máa bọ̀ ní Àbíjàn. Ọmọ rẹ ló ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní yanrìn ló wó."

Rísì gba fóònù. "Àǹtí, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé wáyà já. Mo ti sọ fún Màmá. Mo ti sọ fún Áfáà wa ní ilé kéú. Ẹrẹ̀ tó sáré ju mọ́tò lọ ni, àbí?"

Mo ní, "Òun ni." Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo lọ sílé.

Ilé wa ní Ẹ̀jìgbò wà bó ṣe wà. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó ní mo ti rù. Rísì ò jáde. Mo wò yíká, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó sá sẹ́yìn rẹ̀, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Mo jókòó sórí àpótí, mi ò pè é. Ìyá mi wò mí, ó wo àmù, òun náà kò pè é. Mo rò pé ó mọ ohun tí mò ń rò.

Ohùn kékeré kan jáde lẹ́yìn àmù. "Ẹrẹ̀ ńkọ́?"

Mo ṣí báàgì mi. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù, tí wọ́n máa ń dà nù níbi iṣẹ́, mo ti tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ Músíyọ̀ Kuasí, mo dì í sínú ọ̀rá. Mo tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́. Rísì jáde wá, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ń rùn!"

"Ó ti pẹ́ nísàlẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí itan mi láti lè wò ó dáadáa. Kò mọ̀ pé òun jókòó síbẹ̀. Èmi mọ̀.

Ó wá fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. Àgbàlá mọ́ tónítóní, ojú ọwọ̀ hàn lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní igun yẹn, ewé gbígbẹ wà ńlẹ̀, èèpo ẹ̀pà wà ńlẹ̀, odò Rísì sì dùbúlẹ̀ láàárín wọn, ó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ títí dé ìdí ògiri, ebè rẹ̀ méjèèjì ti ga. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbá ibẹ̀. Mo yíjú sí ìyá mi. Ìyá mi! Ẹni tó ń gbá abẹ́ ewúrẹ́!

"Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ìgbà tí fóònù já yẹn ni. Mo gbé ọwọ̀, ọmọ bú sẹ́kún. Ó ní ibẹ̀ lo ń gbà bá wa sọ̀rọ̀, ó ní bí mo bá gbá a, kò ní là mọ́. Ṣé kí n gbá a ni?"

Nígbà tí a jẹun tán, mo gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Àǹtí, ó ní nǹkan tí mo fẹ́ bá yín sọ." Ó ní kí n má wulẹ̀ sọ ọ́. Ó wọ yàrá, ó gbé báàgì Rísì jáde, ó ti di gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó o ní ò ń bọ̀. Mú un lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ti dàgbà." Ó gbé báàgì náà síwájú mi. "Nígbà tí mo fi ọ́ sílẹ̀ ní Màsífà, wọ́n ní kí n má bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní bí mo bá bojú wẹ̀yìn, ọmọ á máa sunkún tẹ̀lé mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn. O ò sunkún. Ó ṣì ń dùn mí di òní."

Rísì ló sọ̀rọ̀, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò lọ. Bí mo bá lọ, ta ló máa máa da omi sí i?"

Ìyá mi ní, "Èmi ni."

"Ẹ máa gbá a ni."

"Mi ò ní gbá a."

"Màmá, ẹ búra."

"Èwo ni ti ìbúra, ìwọ ọmọ yìí? Mo ní mi ò ní gbá a!"

Rísì rò ó títí. Ó ní òun á lọ, àmọ́ òun á máa pè láti wò ó.

Ó ti wà lọ́dọ̀ wa ní Àbíjàn báyìí. Faransé rẹ̀ ti ju tèmi lọ, ó ń bá mi ná ọjà, kò sì jẹ́ kí n bú aláta. Mo mú un lọ wo òkun, ó bi mí apá ibi tí ihò náà wà, mo fi ìka hàn án. Ó wò ó, ó ní kò jọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àǹtí ló ṣì ń pè mí. Bó bá lálàá burúkú, ọ̀dọ̀ mi ló ń sá wá, ìyẹn sì tó mi.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, a máa ń pe ìyá mi. Rísì ló máa ń kọ́kọ́ gba fóònù.

"Màmá, ẹ ò gbá a?"

"Mi ò tíì gbá a o. Wò ó." Á yí fóònù síbẹ̀, igun ògiri, ewé gbígbẹ, odò. "Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe àlùwàlá báyìí. Ìrun márààrún, omi rẹ̀ ń gbà á kọjá. Àwọn ará agboolé ní mo ti ń ṣarán. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n ṣe é."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Rísì wò ó tán, ó gbé fóònù fún mi, ó sì sáré jáde lọ ṣeré. Mo ti ń múra láti dágbére bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi ò dágbére.

"Ìwọ ńkọ́?" ló wí.

"Èmi báwo, Àǹtí?"

"Nígbà tó o wà ní kékeré, ní Màsífà. Kí ni o máa ń ṣe bí mi ò bá sí níbẹ̀? Mi ò bi ọ́ rí."

Mo wo ojú rẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti rí kẹ́tù tó gbé kalẹ̀, tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ náà pọ̀ o, pé kó wá nǹkan fi jókòó.

Ó ní òun ti jókòó tipẹ́.